Ohun Tí Wọ́n Rí Lẹ́yìn Fẹ́ǹsì

1.

…ó sì tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri náà, bí ẹni ń yẹ orí ọmọ tó ní ibà wò, kó tó yíjú sí Nùsírátù.

"Màmá, ta ló ni ilé tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yìí?"

Ilé Nùsírátù ni wọ́n ní kí ẹnjiníà náà wá wò. Wọn ò ní kó wo ti ẹlòmíràn.

2.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó dáadáa.

Nùsírátù, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Aasiyah, fẹ́ ta ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Ìgàndó, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sí àkùrọ̀. Òun àti Sàkàrìyáù ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Sàkàrìyáù ti di olóògbé. Orúnkún Nùsírátù kò sì bá àtẹ̀gùn ṣe mọ́. Aasiyah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé Abẹ́òkúta. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, láì tíì béèrè bóyá ìyá ń bọ̀ tàbí kò bọ̀.

Lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni Festus àti Charity ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tiwọn. Àwọn méjèèjì ni Bàbá àti Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ilé méjèèjì ti ń wo ara wọn.

Ó parí. Ká máa lọ.

3.

AASIYAH: Mọ́mì, ẹ má tíì jẹ́ kí èjẹ́ǹtì gbé ilé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì o

AASIYAH: Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

MỌ́MÌ: Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò. Mo ń gbé inú ẹ̀

AASIYAH: Ìdí nìyẹn gan-an. Ojú yín ti mọ́ ọn lára

MỌ́MÌ: Ẹni tó bá fẹ́ rà á ni kó yẹ̀ ẹ́ wò

AASIYAH: Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò náà. Wọ́n á wá rí nǹkan, wọ́n á máa fi pọ́n yín lójú. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí wọ́n tó mọ̀

MỌ́MÌ: Ó dáa. Ṣé ó máa jẹun

AASIYAH: Ta ni?

MỌ́MÌ: Ẹnjiníà

4.

Àwọn àrùn ilé náà tí Nùsírátù ti mọ̀ kí ẹnjiníà tó dé:

ilẹ̀kùn yàrá àlejò, tí èèyàn ní láti gbé sókè díẹ̀ kó tó tì;

páànù tó ń jò lókè ilé ìdáná, àfi bí òjò bá gba apá Ẹ̀gbẹ́dá wá;

ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ òkè, tó ń sunkún;

ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri ẹ̀yìn. Kò ka ìyẹn kún àrùn. Ògiri wo ni kò dàgbà?

5.

Akóredé ni orúkọ ẹnjiníà náà. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá láti Ìkòtún, ó sì gbé báàgì kan tó dà bíi ti dókítà ayé àtijọ́ kọ́ èjìká. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń fi òòlù kékeré kan ògiri, ó ń tẹ́tí sí i, ó tún ń sún síwájú. Ó gun òkè àjà. Ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ.

Nùsírátù ń tẹ̀lé e bí ìyá tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, tó ń dáhùn ìbéèrè tí dókítà kò bi í.

"Òrùlé yẹn, ọdún tí Aasiyah wọ yunifásítì la pààrọ̀ rẹ̀."

"Hẹn."

"Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn bíríkìlà. Bí wọ́n bá po sìmẹ́ńtì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí wọ́n dà á nù."

Akóredé tún kan ògiri. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó hàn, Màmá."

Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ó gbàgbé pé títà ni ilé náà wà fún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ẹ̀yìn.

6.

*Lára ìwé tí Akóredé kọ ránṣẹ́:*

ÌPÌLẸ̀. Ó dára. Kò rì.

ÒPÓ ÀTI DẸ́KÌN. Ó dára. Ẹni tó kọ́ ilé yìí kò fi sìmẹ́ńtì ṣahun.

ÒRÙLÉ. Kí wọ́n pààrọ̀ páànù méjì lókè ilé ìdáná.

ILẸ̀KÙN YÀRÁ ÀLEJÒ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ káńpẹ́ńtà níbẹ̀.

ÒGIRI Ẹ̀YÌN.

Sísán tó wà lára ògiri yìí kò ti inú ilé yìí wá.

7.

*Ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́yìn ilé, bí Nùsírátù ṣe rántí rẹ̀.*

AKÓREDÉ: Ẹ wo okùn yìí. Mo so irin mọ́ ọn lẹ́nu, mo sì jù ú sílẹ̀ láti orí ilé tiyín. Ó bá ògiri mu láti òkè délẹ̀. Ilé yín dúró ṣánṣán.

NÙSÍRÁTÙ: Alhamdulillahi.

AKÓREDÉ: Ẹ wá fi ojú wo igun ilé yẹn, kẹ́ ẹ fi wé okùn yìí kan náà.

NÙSÍRÁTÙ: *(ó sún mọ́ fẹ́ǹsì, ó wò ó)*

AKÓREDÉ: Ẹ rí i?

NÙSÍRÁTÙ: Ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa.

AKÓREDÉ: Ó ń fì síbí. Ó ti ń ti ilẹ̀, ilẹ̀ ń ti fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì ti yọ ikùn, ẹ wò ó. Òun ló ń ti fáráńdà yín, tí ògiri fi sán.

NÙSÍRÁTÙ: Gbòǹgbò igi máńgòrò ni mo rò pé ó ń tì í.

AKÓREDÉ: Igi yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

NÙSÍRÁTÙ: Ṣé ó máa wó?

AKÓREDÉ: Mi ò wọ inú ẹ̀, Màmá. Èèyàn kì í dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì dájọ́ fún ilé onílé. Wọ́n ní láti yẹ ìpìlẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ kọnkéré wò. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ títí tí àwa á fi darúgbó. Ó sì lè má kọjá òjò tó ń bọ̀ yìí.

NÙSÍRÁTÙ: Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

AKÓREDÉ: Òun ni mo ní. Àwọn wo ló ń gbé apá ìhín nínú ilé yẹn?

Nùsírátù bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Princess tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀, àti àwọn ìbejì rẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó ń kọrin nínú kọ́áyà lókè wọn. Olùkọ́ kan lókè pátápátá, tí kì í pẹ́ kó tó kí èèyàn.

Akóredé kò kọ orúkọ kankan sílẹ̀. Ó ń ká okùn rẹ̀.

8.

Ìpìlẹ̀ òkè kan ni Festus fi lélẹ̀. Òkè méjì ló kọ́ lé e.

9.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Festus fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ní òun ò ní jókòó máa retí ọmọ. Ó fi òkè kan kún ilé rẹ̀, pé kí ayálégbé máa bọ́ òun àti Charity. Ọjọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, gbogbo àdúgbò ló jẹ ìrẹsì. Nùsírátù jẹ ẹ́. Sàkàrìyáù náà jẹ ẹ́, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá Tèmítọ́pẹ́, ẹ ti gba atẹ́gùn wa," gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tó bi ìpìlẹ̀ léèrè. Inú àríyá kọ́ lèèyàn ti ń béèrè ìyẹn.

10.

*Rasaq, èjẹ́ǹtì, lórí fóònù.*

RASAQ: Alhaja, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ṣé ilé yín ló ń ṣàìsàn?

NÙSÍRÁTÙ: Rárá.

RASAQ: Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yín dára, àbí?

NÙSÍRÁTÙ: Ó kọ ọ́.

RASAQ: Kí ló wá kàn yín nínú ti ará ẹ̀yìn? A máa dí ojú ìlà yẹn, a máa kùn ún. Mo ní ẹni tó fẹ́ rà á nílẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ìjọba á dé. Wọ́n á kun àmì pupa ti ilé wíwó sí ilé yẹn. Wọ́n lè kun tiyín náà mọ́ ọn. Ta ló ń ra ilé tó ní àmì pupa?

NÙSÍRÁTÙ: Ẹni tó máa rà á yẹn, ṣé ó ní ọmọ?

RASAQ: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Kí ló dé?

NÙSÍRÁTÙ: Yàrá ẹ̀yìn ló tutù jù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ọmọ sí.

RASAQ: Alhaja, ẹ̀yin náà ti ń sùn níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

NÙSÍRÁTÙ: Mi ò mọ̀ nígbà yẹn.

11.

ILÉ PẸ̀TẸ́Ẹ̀SÌ OLÓKÈ KAN FÚN TÍTÀ!!!
*Ìgàndó. Kò jìnnà sí títì. Ìwé ilẹ̀ pé.*
*Omi ń yọ. Àdúgbò tó dákẹ́.*
*Ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àléébù kankan.*
*Ògiri ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà TUNTUN.*
*Ẹ pe Rasaq. Ẹ má pe ẹlòmíràn.*

*(Nùsírátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáhùn pé: Má tíì gbé e síta.)*

12.

Bí Nùsírátù àti Charity bá fẹ́ rí ara wọn, orí fẹ́ǹsì ni wọ́n máa ń gbà. Ibì kan wà níbẹ̀ tó rẹlẹ̀, tí ọwọ́ lè kọjá. Ibẹ̀ ni abọ́ sààrì ń gbà lọ, ibẹ̀ ni abọ́ Kérésìmesì ń gbà bọ̀. Nígbà tí Sàkàrìyáù kú, Charity ló ń fọ abọ́ nínú ilé Nùsírátù títí wọ́n fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

Lọ́jọ́ yìí, Nùsírátù wọ híjáàbù ìta. Ó ti géètì rẹ̀. Ó rìn yípo òpópónà méjì pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́ rìn, ó sì kan géètì iwájú wọn.

Charity ṣí i. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Charity wí.

13.

*Pálọ̀ Festus. Àwọn mẹ́ta.*

FESTUS: Ta ló ní kí ẹnjiníà yín wo ilé mi?

NÙSÍRÁTÙ: Kò wo ilé yín, Bàbá Tèmítọ́pẹ́. Ilé mi ló ń wò. Tiyín ló rí.

FESTUS: Ẹ fẹ́ ta ilé. Ògiri yín sán. Ẹ wá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi ẹ̀ rù.

NÙSÍRÁTÙ: Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí màá ti dí i, màá kùn ún, màá sì ti wà l'Ábẹ́òkúta.

FESTUS: Gbogbo ohun tí mo fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ fún ló wà lókè yẹn. Gbogbo ẹ̀. Mi ò ní ilé sí ìlú wa. Mi ò ní ilẹ̀ síbì kankan.

NÙSÍRÁTÙ: Mo mọ̀.

FESTUS: Ẹ ò mọ̀. Ẹ̀yin ń tà, ẹ ń lọ. Tí wọ́n bá wá wó tèmi, níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?

NÙSÍRÁTÙ: Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà kàn wọlé wá wò ó. Ó lè jẹ́ pé ó ṣeé tún ṣe.

CHARITY: Bàbá Tọ́pẹ́, fèrèsé yàrá Princess ò tì mọ́.

FESTUS: Igi ló wú. Òjò ni. Mo ti sọ fún káńpẹ́ńtà.

CHARITY: Káńpẹ́ńtà ti gé e. Ó tún padà há.

FESTUS: *(ó dìde)* Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, Ìyá Aasiyah.

Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù mìíràn lé lórí ló ṣe sọ ọ́. Nùsírátù ì bá fẹ́ràn kó pariwo.

14.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan ti gbé bulọ́ọ̀kù méjì lé ibi tó rẹlẹ̀ lórí fẹ́ǹsì.

15.

AASIYAH: Ẹ pe ìjọba. Iṣẹ́ wọn ni. Kì í ṣe tiyín

MỌ́MÌ: Tí mo bá pè wọ́n, ojú wo ni màá fi wo Charity

AASIYAH: Tó bá wó ńkọ́?

MỌ́MÌ: Ojú wo ni màá fi wo àwọn ìbejì Princess. Òun náà ni mò ń rò

MỌ́MÌ: Kí ni bàbá ẹ ì bá ṣe

*Aasiyah ń kọ̀wé…*

*Aasiyah ń kọ̀wé…*

16.

Akóredé padà wá. Nùsírátù ló pè é, kì í ṣe Aasiyah.

Dígí ló mú wá lọ́tẹ̀ yìí, pẹlẹbẹ, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ nínú agolo. Ó lẹ dígí kan dábùú ojú ìlà ara ògiri, ó lẹ òmíràn dábùú ibi tí fẹ́ǹsì ti sán. Ó kọ ọjọ́ òní sára wọn.

"Bí ògiri bá rìn, dígí á fọ́," ó ní. "Bí kò bá rìn, kò ní fọ́. Ẹ máa wò ó láràárọ̀."

"Bó bá wá fọ́, kí n pè yín?"

"Ẹ kọ́kọ́ jáde, Màmá. Kẹ́ ẹ pariwo sí àwọn ará ẹ̀yìn kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ pè mí."

Nùsírátù kò sùn sí yàrá ẹ̀yìn mọ́. Ó kó bẹ́ẹ̀dì lọ sí iwájú, níbi tí ariwo títì wà. Láàárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, á lọ dúró níwájú dígí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bóyá àdúà ló ń ṣe. Bóyá ó kàn ń wò ó. Mi ò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

17.

*Ohùn Charity, lórí Wáàtsáàpù. Ariwo ọjà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.*

"Ìyá Aasiyah, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mi ò yọjú. Ìkòtún ni mo wà báyìí, mo ní mo fẹ́ ra ata. Ẹ gbọ́. Mo ti ní kí Princess kó àwọn ọmọ wá sí yàrá Tèmítọ́pẹ́ ní iwájú. Mo sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́ pé òjò ń wọlé sí wọn lára. Irọ́ ni mo pa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí. Lánàá, mo rí Bàbá Tọ́pẹ́ nínú yàrá tí Princess kúrò yẹn. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọsàn kan sílẹ̀ láàárín yàrá. Ọsàn yẹn dúró díẹ̀. Ó wá ń yí, ó ń yí, ó lọ kan ògiri apá ọ̀dọ̀ yín. Ó lọ mú un, ó tún gbé e sáàárín. Ó tún yí lọ.

"Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bó ọsàn yẹn, ó jẹ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan fún mi títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

"Ẹ má sọ pé mo sọ o. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ… ata yìí, àádọ́ta ni tàbí ọgọ́rùn-ún? Ṣé o ò ríran ni? Ìyá Aasiyah, màá pè yín padà."

18.

Dígí ara ògiri: odidi.

Dígí ara fẹ́ǹsì: ó fọ́.

Òjò ńlá rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú àárọ̀ tó rí i yẹn. Àmọ́ àwọn ìbejì Princess gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú òjò náà, bọ́ọ̀lù sì wọ ọgbà Nùsírátù lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló jù ú padà. Kò yẹ dígí wò nígbà yẹn.

Ó pariwo. Ó dúró ní ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Princess, Charity, Bàbá Tèmítọ́pẹ́, títí ohùn rẹ̀ fi há. Gbogbo ilé jáde sí òpópónà. Olùkọ́ òkè fi tówẹ̀ẹ̀lì ró ìdí. Wọ́n dúró. Wọ́n ń wo ilé. Ilé ń wò wọ́n.

Kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó yá, oníkálukú padà wọlé lọ wẹ̀. Festus ló wọlé kẹ́yìn. Kò bá Nùsírátù jà, kò sì kí i.

Akóredé wá lẹ dígí tuntun. Nùsírátù bi í: òjò ni àbí bọ́ọ̀lù? Ó wo ojú ibi tó fọ́, ó fi ọwọ́ pa á, ó ní òun ò lè búra.

19.

RASAQ: Alhaja mò ń mú wọn bọ̀ lónìí

RASAQ: Wọn ò nílò àti dé ẹ̀yìn

RASAQ: Iwájú dára. Iwájú ni ẹ jẹ́ ká wò

*(Ó kà á.)*

20.

Olúwadọ̀tun ni orúkọ ọkùnrin náà, Fisáyọ̀ ni ìyàwó. Gowon Estate ni wọ́n háyà sí, láńdílọ́ọ̀dù wọn sì ti ní kí wọ́n wá ibòmíràn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Fisáyọ̀ kúnlẹ̀ kí Nùsírátù, ó wá ń fi ọwọ́ pa irin àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀.

Rasaq ń sọ̀rọ̀. Ó fi pálọ̀ hàn wọ́n, ó fi ilé ìdáná hàn wọ́n. Ó kọjú sí géètì bí ẹni pé ìrìn ti parí.

"Ó ku ẹ̀yìn," ni Nùsírátù wí.

"Alhaja, orúnkún yín…"

"Ó ku ẹ̀yìn."

Ó ṣíwájú. Wọ́n tẹ̀lé e. Kò mọ ohun tí òun máa sọ. Láti àárọ̀ ló ti ń wá gbólóhùn náà: bó bá gba ti òdodo, yóò tú ilé Festus síta fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, bó bá gba ti ọ̀rẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa sùn níbẹ̀.

Wọ́n dé ẹ̀yìn. Olúwadọ̀tun wo igi máńgòrò, ó wo ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mọ́mì, kí ni dígí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibí yìí wà fún?"

Rasaq wúkọ́. Nùsírátù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò tíì jáde nígbà tí ohùn kan dáhùn láti òdìkejì fẹ́ǹsì, nítòsí gan-an, bí ẹni tó ti dúró síbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé.

"Ilé mi ni wọ́n fi ń ṣọ́."

Gbogbo wọn wo fẹ́ǹsì. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni.

"Ilé mi ló ń yẹ̀," ni Festus wí. "Tiwọn dára. Èmi ni mo fi òkè kún tèmi."

Fisáyọ̀ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Rasaq ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Olúwadọ̀tun wí fún ògiri. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń sọ. Ó wá ní: "Ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Wọ́n gbọ́ sílípáàsì tó ń wọ́ lọ lórí kọnkéré, tó ń lọ, tó ń lọ, kì í ṣe sí inú ilé, sí apá géètì iwájú. Wọ́n gbọ́ tí géètì ṣí.

Nùsírátù ò dúró gbọ́ ohun tí Rasaq ń sọ sí i létí. Ó ti ń lọ sí iwájú, ó ń fa ẹsẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú híjáàbù rẹ̀. Èèyàn tó bá gba òpópónà méjì yẹn yípo kò ní pẹ́ dé ẹnu géètì rẹ̀.